Níbo ni Eré ti Ṣẹ̀ Wá? Láti Áténì dé Ìgbòho, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

  

Ìbéèrè kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí ní kíláàsì ni ó bí àròkọ yìí. Mo ń ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ nínú èdè Yorùbá, mo sì mú òṣèré, òǹwòran àti alárìnjó ṣe àpẹẹrẹ, ni ọmọkùnrin kan bá nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló kọ́kọ́ ṣe eré? Ṣé àwa náà ní in kí Òyìnbó tó dé, àbí àwọn ni wọ́n kọ́ wa?" Kíláàsì pín sí méjì lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní Òyìnbó ni ó fi ọkọ̀ ojú omi kó tíátà wá sí Èkó. Àwọn kejì ní kò sí ohun tí Yorùbá ń ṣe tí kì í ṣe eré, láti orí ìkómọ títí dé orí ìsìnkú. Mo mọ̀ pé ìdáhùn méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n àkókò ti tán kí n tó lè sọ ìdí rẹ̀. Ìdí náà ni mo jókòó láti sọ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ilẹ̀ Gíríìsì, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Aristotle, nínú ìwé rẹ̀ Poetics tí ó kọ ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kírísítì, sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin tí ń kọ dithyramb, ìyẹn orin ìyìn Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì, ni eré oníbànújẹ́ ti ṣẹ̀. Ó ní eré apanilẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ jáde láti inú orin ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n máa ń kọ tẹ̀lé ère nǹkan ọmọkùnrin kiri ìlú. Àwọn Gíríìkì tún gbà pé Thespis ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín agberin, tí ó dá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni òun, ní nǹkan bí ọdún 534 ṣáájú ìbí Kírísítì, ní Áténì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí igba ọdún ni ó wà láàárín Thespis àti Aristotle. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Àrọ́bá ni Aristotle náà bá.

Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Jane Harrison, nínú ìwé rẹ̀ Themis tí ó jáde ní 1912, àti Gilbert Murray tí ó kọ apá kan sínú ìwé náà, sọ pé ètùtù òrìṣà ọdún, tí ń kú tí ó sì ń jíǹde bí irúgbìn, ni ó di eré. Francis Cornford mú irú àlàyé kan náà wá fún eré apanilẹ́rìn-ín ní 1914. Ṣùgbọ́n William Ridgeway ti yapa sí wọn ṣáájú. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1910 ó ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ Dionysus rárá, orí ibojì ni. Ó ní ìjó àti orin tí àwọn ènìyàn ń ṣe lójú oórì àwọn akọni wọn láti tu òkú nínú ni ó di eré oníbànújẹ́. Ní 1915 ó tún kọ ìwé mìíràn, ó wá ẹ̀rí kiri láàárín àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe ti Yúróòpù. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ta ni kò gbọ́ òórùn eégún nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí? Ará ọ̀run tí ó padà wá bẹ ọmọ rẹ̀ wò, tí ó wọ agọ̀, tí ó ń fi ohùn mìíràn sọ̀rọ̀: bí Ridgeway bá dàgbà sí ìdí ìgbàlẹ̀ ni, kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ Íjíbítì pàápàá lè jẹ́rìí fún un. Òkúta kan wà ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Berlin tí Ikhernofret, ìjòyè Fáráò Senusret Kẹta, gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣáájú ìbí Kírísítì. Ó ròyìn bí òun ti ṣètò ọdún Osiris ní Abydos: bí wọ́n ti gbé òrìṣà jáde, bí òun ti lé àwọn ọ̀tá rẹ̀ sẹ́yìn, bí wọ́n ti sin ín lọ sí ibojì rẹ̀. Ọba tí ó kú ni Osiris. Èyí ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí Thespis tó la ẹnu.

Síbẹ̀síbẹ̀, ní 1927, Arthur Pickard-Cambridge kó gbogbo ẹ̀rí àwọn Gíríìkì jọ, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíọ́rì yìí dúró lé kò tó nǹkan. Bí ẹnìkan bá ti pinnu pé inú ètùtù ni eré ti wá, kò ní ṣòro fún un láti rí ètùtù nínú gbogbo eré.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ sá tọ̀. Harrison ṣe bẹ́ẹ̀ náà ní 1913. Ó ní dromenon, tí àwọn Gíríìkì ń pe ètùtù, àti drama, tí wọ́n ń pe eré, ìdílé kan ni wọ́n, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí "ṣe" ni ó bí àwọn méjèèjì. Mo rántí bí inú mi ti dùn tó nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Yorùbá náà ń ṣe orò, ó ń ṣe ètùtù, ó ń ṣe ọdún, ó sì ń ṣe eré. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo! Ìgbà tí ara mi balẹ̀ ni mo rántí pé a tún ń ṣe ọbẹ̀, à ń ṣe ìṣirò, a sì ń ṣe òjòjò. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe yìí bá lè jẹ́rìí pé inú orò ni eré ti jáde, yóò jẹ́rìí bákan náà pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbà pé ó wúlò fún wa ni òǹwòran. Wò àti ìran ni ó di wòran. Ìran sì ni ohun tí ó tó ó wò. Theatron àwọn Gíríìkì, tí ó ti ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé ọ̀dọ̀ wa di tíátà, ibi ìwòran gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èdè méjèèjì kò tan mọ́ ara wọn, síbẹ̀ ojú ẹni tí ń wò ni àwọn méjèèjì fi sọ nǹkan náà lórúkọ. Ẹ fi èyí pamọ́ sọ́kàn. A óò padà sí i.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Joel Adédèjì, nínú àpilẹ̀kọ tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969 lórí eré alárìnjó. Ó ní ìpele mẹ́ta ni eré náà gbà kọjá: ó bẹ̀rẹ̀ bí ètùtù egúngún, ó di ọdún, ó sì di tíátà. (Ẹ ṣàkíyèsí pé alárìnjó fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹ̀gàn ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé àwọn wọ̀nyí kò ní iṣẹ́ ju kí wọ́n máa rìn kí wọ́n máa jó kiri. Àwọn onísẹ́ náà fẹ́ràn kí á pè wọ́n ní apidán tàbí eégún aláré.) Ibi tí Adédèjì ti fẹ́ kí á wo ìgbà tí eré náà fi ojú hàn ní ààfin ni Ìgbòho, nígbà tí àwọn Aláàfin ti sá kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé tẹ̀dó síbẹ̀. Ìtàn náà wà nínú ìwé Samuel Johnson, tí ó parí ní 1897 tí kò sì jáde títí di 1921. Ó yẹ kí n sọ ọ́ dáadáa, nítorí òun ni ó yí ọkàn mi padà.

Aláàfin Abípa, tí Adédèjì pè ní Ògbólú, fẹ́ kó ilé ọba padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Ilé wọn wà ní Ìgbòho, oko wọn wà níbẹ̀, ọrọ̀ wọn wà níbẹ̀. Wọn kò lè kò ó lójú, nítorí náà wọ́n dọ́gbọ́n. Wọ́n kó àwọn abuké, àwọn àfín, àwọn adẹ́tẹ̀ àti irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n rán wọn ṣáájú lọ sí ahoro Ọ̀yọ́ Ilé, kí wọ́n máa rìn kiri òkè pẹ̀lú iná lóru, kí wọ́n máa kígbe, kí àwọn tí ọba bá rán lọ wo ilẹ̀ lè rò pé iwin ti gba ìlú. Àwọn ìránṣẹ́ ọba rí ohun tí wọ́n rí, wọ́n sá padà wálé. Ṣùgbọ́n àṣírí tú sí ọba lọ́wọ́. Ó rán àwọn ọdẹ lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n mú gbogbo "iwin" náà, wọ́n kó wọn wá fún un. Ọba kò pariwo. Ó pe àwọn ìjòyè sí àsè bí ìṣe rẹ̀, nígbà tí ó sì tó àkókò láti mu ọtí, iwin tí olúkúlùkù ìjòyè rán níṣẹ́ ni ó gbé ọtí wá síwájú rẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo bí ìjòyè kan ṣe gba igbá ọtí lọ́wọ́ abuké tí òun fúnra rẹ̀ fi owó bẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rí ọ̀rọ̀ sọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ iwin ni o, kì í ṣe Orò tí à ń ṣe ní Ìkòròdú: fáwẹ̀lì àti ohùn ló yà wọ́n, ẹ má ṣe kà á bí ẹni tí kò mọ àmì.

Adédèjì ní ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Ológbojò, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn ààfin, sọ di eré tí wọ́n ń ṣe níwájú ọba, tí àwọn "iwin" náà sì di àwọn ẹ̀dá eré. Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀sà Ògbín sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi jẹun. Títí di òní, Ẹ̀sà Ògbín ni àwọn ọ̀jẹ̀ ń júbà kí wọ́n tó ṣeré.

Mo mọ̀ pé Johnson kọ ìtàn náà ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀. N kò ní fi ọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí a bá gba ìtàn náà gbọ́, kì í ṣe ètùtù ni dídíbọ́n inú rẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ díbọ́n bí iwin kò bọ nǹkan kan; òṣèlú ni wọ́n ń ṣe, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọba tí ó gbé wọn síwájú àwọn ìjòyè kò fi wọ́n bọ nǹkan kan pẹ̀lú. Ó ń tú irọ́ fó níwájú àwọn tí ó pa á. Ẹ̀rí Adédèjì fúnra rẹ̀ ń ta ko ìpele àkọ́kọ́ tí ó là sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé a kì í sábà sọ èyí.

Ohun tó dájú ni pé eré náà ti gbọ́n dáadáa kí Òyìnbó tó ní ìtàgé kan ṣoṣo ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré fún Hugh Clapperton ní Ọ̀yọ́ Ilé, ọkùnrin náà sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: àwọn tí ń jó nínú àpò, ejò òjòlá tí ó ń yọ́ jáde, àti ní ìgbẹ̀yìn, eégún Òyìnbó, funfun báláú, tí ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1829. Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n ní Òyìnbó ló kó tíátà wá: òótọ́ ni pé ó wá, ṣùgbọ́n inú eré ni a kọ́kọ́ fi í sí.

Ẹ wá jẹ́ kí á sọ̀ kalẹ̀ sí etí ọ̀sà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti egúngún nìkan. Oyin Ògúnbà ti fi èyí hàn ní Ìbàdàn ní 1967, ọdún méjì ṣáájú Adédèjì, nínú àpilẹ̀kọ tirẹ̀ lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú: Agẹmọ wà, àwọn eégún omi wà, Orò wà. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú, tí ó gba Ìmọ̀ta àti Ìtóìkín dé Ẹ̀pẹ́, ìrìn náà kò ju ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo lọ, àní bí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ bá tilẹ̀ wà, ṣùgbọ́n yóò ti kọjá láàárín oríṣiríṣi ohun tí a lè pè ní ìbẹ̀rẹ̀ eré.

Ẹ wo Ẹ̀pẹ́. Kayokayo ni ọdún tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ ń ṣe lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n ní "ká yó, ká yó" ni orúkọ náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ní 1862 ni Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó. Dídé náà ni Kayokayo ń rántí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é jẹ́ Mùsùlùmí. Kì í ṣe ọdún òrìṣà, kò sì sí ìgbàlẹ̀ kan tí ó ti jáde. A mọ ohun tí ó bí i, a mọ ọdún tí ó ṣẹlẹ̀.

Èyí tí ó tún dùn mọ́ mi ni Akíntóyè, ọ̀tá rẹ̀. Ó wàjà ní 1853. Ẹ̀yọ̀ tí wọ́n ṣe fún un ní ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 1854 ni a sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìtàn kan ní láti ìhà Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti mú un wá. Ìjà kan ṣoṣo, ọba méjì, ọdún méjì. Ti èkíní bọ́ sí inú agọ̀ funfun, ó bá tíọ́rì Ridgeway mu rẹ́gí: òkú akọni ni à ń yẹ́ sí. Ti èkejì bọ́ sí inú oúnjẹ, aṣọ àti ìwọ́de àwọn tó yè. Bí a kò bá ní ìwé, bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ni ó ti kọjá, mo dá a lójú pé ọ̀mọ̀wé kan ìbá ti kọ̀wé pé ètùtù òrìṣà ìkórè ni Kayokayo. Orúkọ rẹ̀ nìkan ìbá tó o lẹ́rìí.

Àwọn eégún omi, tí à ń pè ní Agbó tàbí Magbó, tún mú ọ̀nà mìíràn wá. Henry Drewal kọ nípa wọn ní 1986, ó sì tọ́ka sí bí wọ́n ti bá ti àwọn Ìjọ́ tan. Láàárín àwọn Kalabari, Robin Horton ti ṣàlàyé ní 1963 pé ẹgbẹ́ Ekine, tí ń gbé irú eré omi bẹ́ẹ̀ jáde, wà láàárín ìsìn àti iṣẹ́ ọnà, kò sì rọrùn láti sọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Ìtàn wọn ni pé obìnrin kan, Ekineba, ni àwọn ẹ̀mí omi gbé lọ, tí ó kọ́ ijó wọn, tí ó sì padà wá fi kọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́. Àwọn ọkùnrin nìkan ni ó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, mo kó gbogbo èyí kalẹ̀. Mo sọ nípa Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣosà, tí ó ti ń tẹ̀lé àwọn alárìnjó láti kékeré, tí ó sì gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ Aládùúrà ní Èkó ní 1944; ìjọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, gan-an bí àwọn àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe eré ibojì Jésù nínú ìsìn Àjíǹde ní ọ̀rúndún kẹwàá. Nígbà náà ni mo mú tíọ́rì tèmi jáde, inú mi sì dùn sí i púpọ̀. Mo ní: ẹ fi ètùtù sílẹ̀, ẹ fi oórì sílẹ̀. Ẹ wá òǹwòran. Ibi tí òǹwòran bá ti dé ni eré ti bẹ̀rẹ̀: níbi àsè Ọba Mọ́rọ̀, níwájú Clapperton, ní òpópónà Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀rí mi ni Orò Ìkòròdú. Ó jẹ́ orò pátápátá, ó ti pẹ́ láyé, kò sì di tíátà rí, nítorí a kì í wò ó. Bí ó bá ti di alẹ́ Orò, àwọn obìnrin a ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Orò tí kò ní òǹwòran kò lè bí eré.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ó dàgbà ní Ìkòròdú dìde. Ó ní, "Sà, èmi kò rí i rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa nínú ilé, ìyá wa, àwa ọmọ obìnrin, a máa ń pa iná, a ó jókòó, a ó máa fetí sí i. Bí ó bá wọ àdúgbò wa a ó mọ̀. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà wa, èémí a dúró. Bí kò bá sí àwa tí à ń gbọ́ nínú ilé, ta ni wọ́n ń kígbe náà fún?"

Mo dúró síwájú pátákó. Mo wo ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbẹ̀, wò, ìran, wòran, òǹwòran. Mo kọ òǹgbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ ro ó sí i.